Ìsọjí Wales 1904 sí 1905: iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n kó lé ẹnì kan lórí

Ní Monday 31 October 1904, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 26 kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Casllwchwr (tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Loughor), ìlú kékeré kan ní gúúsù Wales, orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́ńgílándì. Evan Roberts lorúkọ ẹ̀. Àwọn ará ilé ẹ̀ ò retí ẹ̀ rárá, torí kò tíì pẹ́ tó lọ sílé ìwé ní Newcastle Emlyn, níbi tó ti ń múra láti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ohun tó sọ fún wọn ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ní kóun wálé wá bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ òun sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà ní ṣápẹ̀lì Moriah, àwọn tó dúró gbọ́ ọ ò ju 17 lọ, àgbà 16 àti ọmọdébìnrin kan. Kí wọ́n tó túká, gbogbo wọn ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ Kristi.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù àti fídíò tí wọ́n ń pín kiri ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìsọjí Wales. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì gbà pé ọmọkùnrin yẹn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ, ó sì ń dùn mí pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fi ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà dù wọ́n, títí kan Evan Roberts fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí February 1904. Ní Ceinewydd, ìlú etí òkun kan ní Cardiganshire, pásítọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Joseph Jenkins, ó ti pẹ́ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ nípa bí ìjọ ṣe tutù, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé fáwọn ọ̀dọ́. Lọ́jọ́ kan ó bi wọ́n pé kí ni Jésù jẹ́ sí wọn. Ẹnì kan dáhùn pé Jésù ni ìmọ́lẹ̀ ayé, irú ìdáhùn tí gbogbo wa ń fún olùkọ́ Sunday School. Jenkins ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ sí ìwọ? Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Florrie Evans ló wá dìde, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ Jésù Olúwa pẹ̀lú gbogbo ọkàn òun. Kò ju gbólóhùn kan yẹn lọ o. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ṣe ni ilé yí padà, àwọn ọ̀dọ́ tó kù ń dìde tẹ̀lé e, nígbà tó sì yá àwọn ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sáwọn abúlé tó wà láyìíká láti darí ìpàdé. Ọmọbìnrin tí ò ní oyè kankan nínú ìjọ ló la ọ̀nà yẹn, ní oṣù mẹ́jọ kí Evan Roberts tó wọ rélùwéè wálé.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yéni dáadáa, ó yẹ ká mọ irú ibi tí Wales jẹ́ nígbà yẹn. Èédú ni gbogbo ẹ̀. Àfonífojì Rhondda tó jẹ́ pé àgùntàn ló ń jẹko níbẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú, èèyàn tó lé ní 110,000 ló ti ń gbébẹ̀ nígbà tí wọ́n kànyàn ní 1901, ilé wọn tò gbọọrọ lẹ́bàá òkè, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó èédú wọn láti Cardiff àti Barry lọ sí gbogbo ayé. Bí ìdajì àwọn ará Wales ló ṣì ń sọ èdè Welsh. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lọ sí ṣápẹ̀lì Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti Independent, ìyẹn àwọn tí ìjọ wọn kọ̀ọ̀kan ń ṣàkóso ara ẹ̀. Ṣápẹ̀lì ló jẹ́ gbogbo nǹkan fún wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ ni kúáyà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń díje lórí ewì àti orin. Nígbà tí ìjọba London wá gbé òfin ẹ̀kọ́ kan jáde ní 1902 tó ní kí owó orí aráàlú máa lọ fún ilé ìwé Áńgílíkà, inú bí àwọn ará Wales gan-an, Lloyd George, olóṣèlú ará Wales tó wà nílé aṣòfin London, kó wọn jọ, káńsù lóríṣiríṣi kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin náà. Ìlú tó ti ń ru ni ìsọjí bá, ìyẹn kì í ṣe pé mò ń sọ pé òṣèlú ló bí i.

Evan Roberts náà, ọmọ ibẹ̀ ni. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú, ìgbà tí bàbá náà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n mú ọmọ kúrò nílé ìwé tó lọ ń ràn án lọ́wọ́, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 13. Ó ń gbé Bíbélì lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, iná ìbúgbàù sì jó Bíbélì yẹn lábẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ ẹbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbàdúrà lórí ohun kan ṣoṣo, pé kí Ẹ̀mí wá. Ní 29 September 1904, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí ìpàdé kan ní Blaenannerch, níbi tí ajíhìnrere Seth Joshua ti gbàdúrà pé kí Olúwa tẹ̀ wọ́n ba. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí àga tó wà níwájú ẹ̀, òógùn bò ó, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé tẹ̀ mí ba, tẹ̀ mí ba. Ẹ kíyè sí i pé ìpàdé tí àwọn ọ̀dọ́ Ceinewydd ti dáná sí tẹ́lẹ̀ ló bá wọ̀, kì í ṣe òun ló pe ìpàdé.

Láti alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ní Moriah, ọ̀rọ̀ ò dúró mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé, èrò ń pọ̀ sí i, ìpàdé ń wọ òru. Nǹkan mẹ́rin ni Roberts ń sọ fún wọn: kí wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣì mọ́ra, kí wọ́n yọwọ́ nínú ohunkóhun tí ọkàn wọn bá ń ṣiyèméjì lé lórí, kí wọ́n gbọ́ràn sí Ẹ̀mí lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ Kristi ní gbangba. Ní 10 November ìwé ìròyìn Western Mail ti Cardiff gbé e jáde, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí. Ẹni tó ń gbé ní North Wales, ẹni tó ń gbé ní London, wọ́n ka orúkọ Evan Roberts níbi tí wọ́n jókòó sí. Akọ̀ròyìn kan tí wọ́n mọ̀ sí Awstin ń tẹ̀ lé e láti ṣápẹ̀lì dé ṣápẹ̀lì, wọ́n sì tún kó àwọn ìròyìn náà jọ tẹ̀ ní ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e wọ́n ti pè é lọ sí Trecynon ní Aberdare, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ló sì bá a lọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń jẹ́rìí.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí ìpàdé wọ̀nyẹn ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ẹni tó bá ń ro ìsọjí bí a ṣe ń ṣe é lónìí, pẹ̀lú ẹni ọ̀wọ̀ kan tó gbé maikirofóònù, tó ń wàásù wákàtí mẹ́ta, ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ ní Wales. Ṣápẹ̀lì á kún fọ́fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé, àwọn èèyàn á jókòó sórí àtẹ̀gùn, sójú fèrèsé, omi ooru ara á máa ṣàn lára ògiri. Kò sí ètò. Obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ àdúrà níbi tó jókòó sí, kó tó ṣe àmín ẹlòmíì lókè gálẹ́rì á ti dá orin, gbogbo ilé á gbà á ní ohùn mẹ́rin láìsí ẹni tó ń lu dùùrù, torí àwọn ará Wales mọ orin kọ láti kékeré, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á tún un kọ, láàárín orin yẹn ọkùnrin awakùsà kan á dìde ká ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, á bẹ ẹnì kan tó jẹ ní gbèsè. Bí pásítọ̀ bá gbìyànjú láti wàásù, orin lè bò ó mọ́lẹ̀, á jókòó. Roberts fúnra ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù. Ó lè rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga, á rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan, á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tàbí kó kàn jókòó ní pèpéle kó máa sunkún. Ìgbà míì kì í sọ nǹkan kan rárá fún wákàtí kan ààbọ̀, ìpàdé ò sì dá dúró. Aago méjì òru, aago mẹ́ta òru, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan á gbabẹ̀ lọ sí iṣẹ́ àárọ̀ lábẹ́ ilẹ̀.

Ó dáa, tí ọkùnrin kan bá jókòó tí ò sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ sì ń lọ, ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà?

Èmi rò pé ìdáhùn wà lẹ́nu àwọn tó ń kọrin, àwọn obìnrin gan-an ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọbìnrin kan láti Maesteg tó ń jẹ́ Annie Davies, ohùn ẹ̀ ló di ohùn ìsọjí. Orin ìfẹ́ tó pọ̀ bí òkun, ìyẹn Dyma gariad fel y moroedd, tí Gwilym Hiraethog kọ, ni wọ́n ń dárúkọ mọ́ ọn. Nígbà tí ìpàdé bá le, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn, òun lá dìde kọ ọ́, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú àwọn géńdé ọkùnrin tí èédú ti wọ awọ wọn lọ títí. Mary, àbúrò Evan, wà nínú iṣẹ́ náà, Dan àbúrò ẹ̀ ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé obìnrin ò lè dìbò yan aṣòfin nígbà yẹn, díákónì ṣápẹ̀lì ọkùnrin ni gbogbo wọn, ẹni tó wà ní pèpéle ọkùnrin ni. Fún oṣù mélòó kan láàárín 1904 sí 1905, àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń dìde gbàdúrà níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jókòó. Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ìyanu ọdún yẹn, èyí ló tóbi jù lójú mi.

Ẹ̀rí míì ni Rhosllannerchrugog, abúlé awakùsà ní àríwá ìlà oòrùn, nítòsí Wrexham. Ní November 1904 kan náà, R. B. Jones, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi láti Porth, lọ ṣe ìpàdé níbẹ̀, iná ràn, gbogbo abúlé sì wọ inú ẹ̀, Evan Roberts ò tíì dé àríwá nígbà yẹn. Bákan náà lọ́pọ̀ ibi, ìpàdé ń gbóná níbi tí kò tẹsẹ̀ ẹ̀ sí rí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn nílò ojú kan tí wọ́n máa tẹ̀ síwájú ìwé, ojú Evan Roberts rẹwà, ó ga, ó dákẹ́, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń wá.

Ohun tó jáde nínú ìsọjí yẹn láàárín ìlú ò ṣeé fojú kékeré wò o. Àwọn tí wọ́n fojú bù pé wọ́n yí padà tó 100,000. Ilé ọtí ṣófo ní ọ̀pọ̀ àfonífojì, àwọn kóòtù tí kò ní ẹjọ́ láti gbọ́ fún adájọ́ ní ìbọ̀wọ́ funfun gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn nígbà tí kò bá sí ọ̀daràn lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ń san gbèsè tí ẹni tí wọ́n jẹ pàápàá ti gbàgbé. Àwọn ẹgbẹ́ ráágíbì kéékèèké kan tú ká torí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Lábẹ́ ilẹ̀, awakùsà ń ṣe ìsìn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ròyìn pé àwọn ẹṣin tó ń fa èédú ò mọ ohun tí olùdarí wọn ń wí mọ́ nítorí èébú tó mọ́ wọn lára ti kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kòtò ò yí padà. Ní 10 March 1905 ìbúgbàù pa èèyàn 33 ní kòtò Cambrian ní Clydach Vale, nígbà tó di 11 July ìbúgbàù míì pa 119 ní Wattstown, Rhondda kan náà tí orin ti ń dún lójoojúmọ́. Tí àwọn kan bá ń sọ pé ìsọjí yẹn jẹ́ ìgbónára ọ̀dọ́ lásán, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n rántí pé àwọn tó ń kọrin yẹn mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gòkè bọ̀ lọ́la.

Nígbà tí gbogbo ìlú ti gbé ẹrù náà dé orí ẹnì kan, ẹrù ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ní 31 January 1905, Western Mail tẹ lẹ́tà kan láti ọwọ́ Peter Price, òjíṣẹ́ ìjọ Independent ní Dowlais, ọ̀mọ̀wé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge. Ó ní ìsọjí méjì ló wà ní Wales: ọ̀kan tòótọ́ tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ òun kí Roberts tó dé, àti èkejì tó jẹ́ ayédèrú, òun ni ti Evan Roberts. Lẹ́tà ìdáhùn ya wọlé, ọ̀pọ̀ wọn gbèjà Roberts. Èmi rí i pé ohun tí Price sọ pé ìsọjí ti wà kí ọmọkùnrin yẹn tó dé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí àgbà òjíṣẹ́ kan bọ́ síta nínú ìwé ìròyìn kó pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sùn dáadáa láti oṣù mẹ́ta ní ayédèrú, tí kò lọ bá a nílé, ìyẹn ò dáa. Roberts ò dá a lóhùn ní gbangba.

Ṣe ló dákẹ́. Ní òpin February 1905 ó fagi lé ìpàdé tó wà níwájú ẹ̀, ó wọ ilé kan ní Neath, fún ọjọ́ méje kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ nǹkan á kọ ọ́ sínú ìwé, Annie Davies nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́ láti tọ́jú ẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn dúró síta, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ká sọ òótọ́, ara ti ń kọ̀ nígbà yẹn, ẹni tó bá ní ojú àánú á ti rí i, ṣùgbọ́n ìpè ń wá láti gbogbo ibi.

Ní òpin March ó lọ sí Liverpool, torí àwọn ará Wales tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Ìpàdé tí wọ́n ṣe níbẹ̀ le. Ó máa ń dá ìpàdé dúró, á ní ẹnì kan nínú ilé yìí ń ṣe ìdíwọ́, ó ní òfófó ń bẹ láàárín òjíṣẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní ẹnì kan nínú èrò ń gbìyànjú láti fi agbára ọkàn dè òun. Ọ̀rọ̀ dé etí ìlú, ìwé ìròyìn fẹ́ mọ̀ bóyá orí ẹ̀ ṣì pé. Àwọn dókítà mẹ́rin yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kò sí àìsàn ọpọlọ lára ẹ̀, iṣẹ́ àṣejù ló ń bá a jà, ó sì nílò ìsinmi. Wọ́n tẹ ìyẹn náà nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ ọdún 26 tí dókítà mẹ́rin ní kó sinmi, kò sinmi o. Ó di June ó ti wà ní erékùṣù Môn, ìpàdé lórí pápá, èrò rẹpẹtẹ, ó tún lọ sí Caernarfon nígbà tí ọdún ń parí.

Ní gbogbo àsìkò yìí Wales ń bá ìgbésí ayé ẹ̀ lọ. Ní 28 October 1905 ọba sọ Cardiff di ìlú ńlá tó ní àṣẹ. Ní 16 December wọ́n na New Zealand ní 3 sí òdo nínú eré ráágíbì ní Cardiff Arms Park, Teddy Morgan ló gba àmì ayò náà wọlé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn All Blacks, ìyẹn ẹgbẹ́ New Zealand, jó haka, ijó ogun wọn, tán, àwọn agbábọ́ọ̀lù Wales dá orin orílẹ̀-èdè wọn, gbogbo pápá sì gbà á. Mo gbà pé àwọn tó gbà á níjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi ọdún kan gbáko kọrin pọ̀ nínú ṣápẹ̀lì. Ní January 1906 ìdìbò wáyé, ẹgbẹ́ òṣèlú Kọnsáfétíìfù ò rí ẹyọ àga kan gbà ní gbogbo Wales. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ka àwọn olùjọsìn rí i pé àwọn ìjọ tí kì í ṣe Áńgílíkà ní ọmọ ìjọ 550,280 ní 1905, Áńgílíkà ní 193,081, iye yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi jà títí wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ ìjọba ní Wales nígbẹ̀yìn, ní 1920.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ iye náà ti ń já sílẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tó wọlé lákòókò ìgbóná jáde padà, àwọn míì ò rí àyè mọ́ nínú ṣápẹ̀lì tó ti padà sí ètò àtijọ́. Àwọn díákónì gba ìṣàkóso padà, àwọn obìnrin padà sórí àga wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí iná tí wọ́n ní ó kú yẹn, àwọn tó ń fún un ní igi ni wọ́n ní kí wọ́n jókòó.

Evan Roberts wó lulẹ̀ ní 1906. Obìnrin ajíhìnrere kan, Jessie Penn-Lewis, gbà á sílé ní Leicester ní Ẹ́ńgílándì, ibẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbàdúrà, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ó padà sí Wales nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá ẹ̀ ní 1928, ìlú sì tún gbọ́ pé ó ti dé, àmọ́ kò tún darí nǹkan ńlá mọ́. Ó kú ní Cardiff ní 29 January 1951, ọmọ ọdún 72. Láti ìgbà tó ti di 28 ni wọ́n ti ń bi í nígbà wo ni ìsọjí máa padà.

Àwọn ohun tó jáde níbẹ̀ ò kú ṣá. Ìròyìn Wales dé àwọn òkè Khasi ní India, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Wales ti ń ṣiṣẹ́, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ náà ní 1905. Pásítọ̀ kan láti Los Angeles, Joseph Smale, wá fojú ara ẹ̀ rí i ní Wales lọ́dún yẹn, ó padà sílé ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Azusa Street, ìsọjí Pẹ́ńtíkọ́sì tí gbogbo ayé mọ̀, ṣẹlẹ̀ nílùú kan náà.

Tiwa ńkọ́? Awakùsà ọ̀dọ́ kan láti Penygroes ní Carmarthenshire, Daniel Powell Williams, wà lára àwọn tó yí padà ní Moriah ní òpin 1904. Òun àti àbúrò ẹ̀, William Jones Williams, ni wọ́n wà nídìí ìjọ tó di The Apostolic Church, tó dá dúró ní 1916 pẹ̀lú Penygroes gẹ́gẹ́ bí orí ìlú ẹ̀. Nílé wa níbí, ìsọjí Òkè-Oóyè ní Iléṣà ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà, èrò ń ya wá láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìjọba amúnisìn sì ń dààmú àwọn èèyàn náà. Àwọn aṣáájú bíi D. O. Odùbánjọ ní Èkó àti I. B. Akínyẹlé ní Ìbàdàn wá kọ̀wé sí Penygroes. Ní September 1931 àwọn méjì Williams yìí àti Andrew Turnbull gúnlẹ̀ sí Èkó. Ọmọ tó yí padà nínú ṣápẹ̀lì Casllwchwr ló gbé ọwọ́ lé àwọn òjíṣẹ́ Yorùbá lórí ní ọdún 27 lẹ́yìn náà. Ní 1932 George Perfect àti Idris Vaughan tẹ̀ lé e wá láti máa gbé níbí. Nígbà tó yá ọ̀rọ̀ oògùn dá wàhálà sílẹ̀, torí àwọn òyìnbó náà ń lo quinine, àwọn ará wa ní ẹni tó bá gba ìwòsàn Ọlọ́run gbọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn, wọ́n sì pínyà, apá kan jẹ́ Apostolic títí dòní, apá kejì di Christ Apostolic Church (CAC).

Àwa náà sì ń ṣe ohun tí Western Mail ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ Òkè-Oóyè, Babalọlá nìkan ló máa ń gbọ́, èmi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé èèyàn Ọlọ́run ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí Òkè-Oóyè tó wà rárá, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918, tí wọ́n ti ilé ìsìn pa, àwọn díẹ̀ ń pàdé gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde lábẹ́ J. B. Ṣàdáre, ẹni tí a wá mọ̀ sí Esinsinade. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Sophia Odúnlámì, sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn àìsàn pé omi òjò ni kí àwọn tí àrùn náà mú máa lò, ó dìde, ó sì ń kéde ẹ̀ fáwọn èèyàn, iṣẹ́ òun àti ti Ṣàdáre pa pọ̀, inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni Faith Tabernacle, ìjọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní ìwòsàn Ọlọ́run, ti wọlé sọ́dọ̀ wa, inú ẹ̀ náà ni àwọn tó kọ̀wé sí Penygroes ti jáde. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Apostolic àti CAC, àwọn àgbà inú wọn pàápàá, pé ta ni Sophia Odúnlámì, ọ̀pọ̀ wọn ni ò gbọ́ orúkọ náà rí.